Wolé-Wolé àti Eṣinṣin Ẹ̀yìnkùlé Rẹ̀

Ní gbogbo Odode, ní Ìdànrè, kò sí ẹni tó kórìíra eṣinṣin tó bàbá mi, kò sì sí ẹ̀yìnkùlé tí eṣinṣin ti ń jẹ ayé bíi tiwa. Iṣẹ́ wolé-wolé ni bàbá mi ń ṣe. Tó bá ti wọ ṣòkòtò káákì rẹ̀ tán láàárọ̀, tó ti fi bíírò sí àpò àyà, tó sì ti gbé ìwé ńlá rẹ̀ há abíyá, gbogbo àdúgbò ni yóò ti gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ lórí àpáta kí wọ́n tó rí i. Àwọn obìnrin á máa sáré mú ìgbálẹ̀, wọ́n á máa da omi sí gọ́tà, wọ́n á máa gbé ìkòkò ọbẹ̀ wọlé bí ẹni pé òjò ló ń bọ̀. Á yọjú sínú àmù onílé, á ṣí ìdérí ìkòkò ẹni ẹlẹ́ni, á na ìka sí eṣinṣin kan ṣoṣo tó bà sára ògiri, á ní, "Kí lèyí?" bí ẹni pé ẹni tó ni ògiri ló bí eṣinṣin ọ̀hún. Lẹ́yìn náà á kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti rí àgbàlagbà ọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un nítorí ìdin tó wà nínú garawa ìdọ̀tí. Tó bá wá padà sílé lọ́sàn-án, á jókòó síwájú oúnjẹ, á máa fi ọwọ́ òsì lé eṣinṣin, á máa fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun, á sì máa sọ fún wa bí àwọn ará ìlú yìí ṣe dọ̀tí tó. Èmi a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀, nítorí iṣẹ́ mi ni.

Ilé wa kò pọ̀ lénìyàn. Bàbá mi, ìyá mi, èmi, àti Ìyẹ, ìyá tó bí bàbá mi, ni a jọ ń gbé ibẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì ti wà ní Àkúrẹ́ nítorí ilé-ìwé. Títí di òní, tí mo bá di ojú mi, ìró ni mo fi ń rántí ilé náà. Ìyá mi ló máa ń kọ́kọ́ jí, tí yóò lu agogo kékeré rẹ̀, tí yóò sì máa ka Sáàmù pẹ̀lú ohùn àwọn Aládùúrà, ohùn tó ń gòkè tí kì í sọ̀ kalẹ̀. Ìyẹ á wúkọ́, á tutọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í bá iná sọ̀rọ̀ nílé ìdáná, á máa bú igi tó tutù bí ẹni ń bú ọmọ ọ̀lẹ. Lẹ́yìn náà ni ìró odó máa ń dé láti ẹ̀yìnkùlé kejì, kì, kì, kì, níbi tí Ìyá Sìdí ti ń gún irú kí èèpo rẹ̀ lè bó. Àpáta pẹrẹsẹ kan ló wà láàárín ilé wa àti tiwọn. Ẹ̀gbẹ́ kan là ń sá kòkó sí, àwọn náà a máa sá wóró irú tiwọn sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kò sì sí ẹni tó fi ògiri pààlà. Mùsùlùmí ni Ìyá Sìdí, ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, Sìdí, sì jẹ́ ẹgbẹ́ mi, ọ̀nà kan náà là ń gbà lọ sílé-ìwé. Irú rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń jẹ. Bàbá mi gan-an kì í fọwọ́ kan iyán tí irú Ìyá Sìdí kò bá sí nínú ọbẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, wọ́n rán bàbá mi lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ méjì kan ní Àkúrẹ́. Ohun tí wọ́n kọ́ wọn níbẹ̀ kò kan adìyẹ rárá, ṣùgbọ́n ẹnì kan ń pín ìwé pélébé nípa adìyẹ sísìn lẹ́nu ọ̀nà, bàbá mi sì gba ọ̀kan. Ìwé pélébé yẹn ló dá gbogbo wàhálà sílẹ̀. Ó kà á nínú mọ́tò títí ó fi dé Odode, ó kà á síwájú oúnjẹ, ó kà á sétí Ìyẹ, Ìyẹ tó ti ń sin adìyẹ kí wọ́n tó bí i. Kò pẹ́, ó kan ilé adìyẹ onípákó àti wáyà mọ́ ẹ̀yìn ilé ìdáná wa gan-an, ó kó ogún adìyẹ àgíríìkì wọ inú rẹ̀, ó sì pè wá jọ kí ó tó ṣí ilẹ̀kùn, bí ẹni tó fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀ṣì tuntun. Ìwé náà ní kí a tẹ́ èérún igi láti sọmíìlì sílẹ̀ fún wọn, kó nípọn, kó gbẹ dáadáa, kí a má sì máa kó o kúrò lójoojúmọ́. Kí a kàn máa da tuntun lé e lórí. Ṣùgbọ́n sọmíìlì jìnnà, èèpo kòkó sì wà lóko wa bí òkìtì. Bàbá mi ní ara igi náà ni èèpo kòkó ti wá, nítorí náà kò sí ìyàtọ̀. Ó ní kí a gé e wẹ́wẹ́, kí a tẹ́ ẹ. Tútù la gé e, tútù la tẹ́ ẹ. Ẹni tó bá ti gbé ìlú kòkó rí mọ ohun tí èèpo kòkó tútù máa ń dà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá mi, ọmọ bíbí Ìdànrè, tó ti ń fọ́ kòkó láti kékeré, mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n ìwé ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó tó bẹ́ẹ̀ láti bá a jiyàn.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n dé. Mi ò sọ ti eṣinṣin kan méjì tí Ìyẹ máa ń fi ẹnu lásán lé. Àwọn wọ̀nyí bo wáyà náà dúdú. Wọ́n wà lórí okùn aṣọ, lórí ìdérí àmù, létí ife, ní igun ojú mi tí mo bá sùn lọ́sàn-án. Tí ìyá mi bá ń ka Sáàmù, ó di dandan kó fẹ́ ọ̀kan kúrò lórí Bíbélì kó tó rí ẹsẹ tó kàn. Iṣẹ́ mi sì ni láti lé wọn. Kí n tó lọ sílé-ìwé, mo gbọ́dọ̀ gbá ẹnu ọ̀nà ilé adìyẹ, kí n da èèpo kòkó tuntun lé ti àná, kí n má sì fọwọ́ kan ti ìsàlẹ̀, nítorí ìwé wí bẹ́ẹ̀. Tí mo bá dé lọ́sàn-án, mo gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀ pẹ̀lú imọ̀ ọ̀pẹ, kí n máa fì í sọ́tùn-ún sósì nínú oòrùn, pẹ̀lú ooru àpáta tó ń gbóná sí mi lẹ́sẹ̀. Àwọn adìyẹ á máa wò mí bí ẹni ń wo wèrè. Mo ti rí ohun púpọ̀ láyé báyìí, ṣùgbọ́n n kò tíì rí iṣẹ́ tí kò nítumọ̀ tó ìyẹn.

Bàbá mi kò káwọ́ gbera, ó yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ó rọ omi sínú ọ̀rá funfun mẹ́fà, ó so wọ́n kọ́ síwájú ilé adìyẹ, ó ní tí eṣinṣin bá rí ara rẹ̀ nínú omi, ẹ̀rù á bà á. Láàárín ọjọ́ méjì, orí àwọn ọ̀rá náà gan-an ni wọ́n ti ń sinmi. Ó da kẹrosíìnì sí etí ògiri. Adìyẹ méjì bẹ̀rẹ̀ sí í sín, ẹyin wa ń rùn bí àtùpà fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, ó sì ní dandan ni kí a jẹ ẹ́. Ó fi oje igi pa pátákó kan, ó gbé e kalẹ̀ kí eṣinṣin lè lẹ̀ mọ́ ọn. Ewúrẹ́ Ìyẹ ló lọ fara nù ún, ló bá gbé pátákó wolé-wolé sí ìhà káàkiri Odode, àwọn ọmọdé ń pariwo tẹ̀ lé e. Ìyá mi ní tirẹ̀ gbé omi àdúrà bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó wọ sùtánà funfun rẹ̀, ó yí ilé adìyẹ ká nígbà méje láìwọ bàtà, ó ń wọ́n omi náà bó ṣe ń lọ. Mo fẹ́ràn ìyá mi gan-an, ṣùgbọ́n omi ló tún lọ bù sí ohun tí omi ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó kúrò níbẹ̀, ó ní ẹ̀mí kan ń bá ilé wa jà.

Ẹ̀mí kankan kò bá wa jà. Mo mọ̀, nítorí èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹyin kan yí lọ sí igun ilé adìyẹ, mo sì fi igi wa èèpo kòkó náà láti yọ ọ́. Abẹ́ rẹ̀ ń mì. Ìdin ni, funfun, wọ́n ń gun ara wọn bí ìrẹsì tó ń hó lórí iná. Mo ju igi náà sílẹ̀, mo sáré lọ bá bàbá mi tó ń jẹ iyán lọ́wọ́.

"Bàbá, ìdin wà lábẹ́ èèpo kòkó. Ó pọ̀ gan-an, sà."

Kò gbójú sókè. "Ta ló ní kí o wa ìsàlẹ̀?"

"Ẹyin ló yí lọ síbẹ̀, sà."

"Ìwé ní kí a má wa ìsàlẹ̀. Kòkòrò tó ń sọ ìdọ̀tí di ajílẹ̀ nìyẹn. Fẹ́ mi, jàre."

Mo fẹ́ ẹ. Kò dìde lọ wò ó. Ilé tó wọ̀ ní Odode kò lóǹkà, ó ti bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ibùsùn àwọn ọkọ ìyàwó, ṣùgbọ́n kò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ adìyẹ tirẹ̀ lọ́jọ́ kan. Nígbà tó sùn, mo lọ sọ fún Sìdí, Sìdí sọ fún ìyá rẹ̀, Ìyá Sìdí sì kọjá wá lórí àpáta pẹ̀lú ọwọ́ tí omi irú ṣì wà lára rẹ̀. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó fi ẹsẹ̀ ṣí èèpo kòkó díẹ̀. "Subuhánáláhì!" ló sọ. Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mojí, sọ fún ìyá àgbà yín kí wọ́n kó gbogbo èyí dànù, kí wọ́n fi eérú rọ́pò rẹ̀. Eérú gbígbẹ ni o. Kó máa bo ìgbẹ́ adìyẹ láràárọ̀. Eṣinṣin ò lè yé síbi tó bá gbẹ." Ó tún wò mí lójú, ó ní, "Ìwọ náà ti fi ojú ara rẹ rí i." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ìyẹ kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní eérú. Ó dúró de ọmọ rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ó sì fi ohùn Ìdànrè tó nípọn sọ ọ́ fún un láìfepo bọyọ̀: "Ùwọ Akínlọyè, inú ulé rẹ leṣinṣin ti ń jáde. Kó èèpo yìí dànù, kó o bu eérú síbẹ̀." Bàbá mi rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí àwọn tó ní ìwé lọ́wọ́ máa ń rín sí ẹni tí kò ní. "Eérú? Ìyẹ, ayé ti kọjá eérú." Ìyẹ wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó pòṣé, ó wọlé lọ. Òṣé Ìyẹ gùn, ó máa ń dé inú yàrá kó tó parí.

Àdúgbò ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nígbà náà. Tí bàbá mi bá ṣí ìdérí ìkòkò ẹnì kan, ẹni náà á wo apá ọ̀dọ̀ wa, á rẹ́rìn-ín sínú. Ọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ lọ́jọ́sí béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba pé, "Ọ̀gá, àwọn eṣinṣin yín ńkọ́, ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà?" Ìyẹn ló dùn ún jù lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gun orí àpáta, ó gbé imú sókè, ó ń gbóòórùn kiri bí ajá ọdẹ, ó sì yí ojú sí ẹ̀yìnkùlé Ìyá Sìdí. "Irú ni," ló wí. Ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu, ó tún un sọ. Irú máa ń rùn, kò sí ẹni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ purọ́ mọ́ ọn kò ní ṣe wàhálà púpọ̀. Ní ọ̀sán yẹn, ó jókòó sídìí tábìlì wa, ó jẹ iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tí irú Ìyá Sìdí kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, ó fọ ọwọ́, ó sì kọ ìwé ìkìlọ̀ sí Ìyá Sìdí pé kó dẹ́kun irú ṣíṣe ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ láàárín ọjọ́ méje. Èmi ni mo gbé ìwé náà kọjá lórí àpáta. Sìdí ló kà á fún ìyá rẹ̀, mo dúró tì wọ́n títí ó fi kà á tán.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá Sìdí wá kúnlẹ̀ síwájú bàbá mi. Ó ní, "Bàbá Mojí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi. Ilé ẹni ẹlẹ́ni ni mò ń gbé, tí onílé bá gbọ́ orúkọ wolé-wolé, á lé mi jáde ni. Irú yìí ni mo fi ń tọ́ Sìdí. Ẹ dákun, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ adìyẹ yín lẹ́ẹ̀kan péré."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ mi?"

"Rárá o, sà. Ẹ bi Mojí. Ó ti rí i."

Bàbá mi kò bi mí. Ó ní kí n wọlé lọ ka ìwé mi. Ìyá mi, tó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ilé ìdáná, ní bàbá mi mọ ohun tó ń ṣe, ó sì ń bá ẹ̀fọ́ rẹ̀ lọ.

Nígbà tó ku ọ̀la kí ọjọ́ méje náà pé, bàbá mi rán Ìyẹ lọ kí àbúrò rẹ̀ lóko. Ó mọ ẹnu ìyá rẹ̀. Ó ní ọ̀gá òun nílé iṣẹ́ ń bọ̀ wá wo ibi irú náà fúnra rẹ̀, òun kò sì fẹ́ ọ̀rọ̀ àgbà. Ọjọ́ keje ni ọ̀gá náà dé. Obìnrin ni, ó ga, ó sanra, ó gbé báàgì aláwọ̀ pupa lọ́wọ́, ó sì fi aṣọ ìnujú dí imú láti ìgbà tó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Àwọn aládùúgbò ti jáde wá dúró sórí àpáta. Ìyá Sìdí wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ́jọ́ ọdún, ó ti gbá ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ títí ó fi ń dán, ó sì to àwọn ìkòkò rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ààrò lẹ́sẹẹsẹ, gbogbo wọn ní ìdérí. Sìdí dì í mú ní ìró. Ọ̀gá náà wo ibẹ̀, ó wo ọ̀dọ̀ wa níbi tí eṣinṣin ti ń hó yìì, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, adìyẹ tiyín yìí ńkọ́? Ṣé ẹ ń tọ́jú ibẹ̀?" Kó tó sọ̀rọ̀ tán, bàbá mi ti pè mí. Ó ti ní kí n wọ aṣọ ilé-ìwé mi láti àárọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a wà ní họlidé, n kò sì mọ ìdí rẹ̀ títí di ìgbà náà.

"Mojísọ́lá, sọ fún ọ̀gá. Ta ló ń tọ́jú ilé adìyẹ?"

"Èmi ni, sà."

"Ṣé o máa ń gbá a?"

"Láràárọ̀, sà."

Ọ̀gá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi. Lọ́fínńdà rẹ̀ dára ju gbogbo ohun tí mo ti gbóòórùn rẹ̀ rí lọ. "Ọmọ dáadáa," ló wí, "ṣé o ti rí ìdin níbẹ̀ rí?"

Mo rí Ìyá Sìdí tó ń wò mí. Kò ṣẹ́jú. Mo rí Sìdí náà. Àwọn èèyàn máa ń sọ nínú irú ìtàn báyìí pé ẹ̀rù bà wọ́n, pé ọmọdé ni wọ́n. Irọ́ ni. Ẹ̀rù kò bà mí. Ó dùn mọ́ mi ni. Gbogbo Odode ń wo ẹnu mi, obìnrin olóòórùn dídùn pè mí ní ọmọ dáadáa, bàbá mi tí kì í gbójú sókè wò mí tó bá ń jẹun wá ń wò mí bí ẹni pé èmi ni ìwé pélébé náà.

Mo ní, "Rárá, mà. N kò rí ìdin rí."

Kò sí ẹni tó wa abẹ́ adìyẹ. Ọ̀gá náà fọwọ́ pa mí lórí, ó fọwọ́ sí ìwé ìkìlọ̀ Ìyá Sìdí lórí ẹ̀yìn báàgì rẹ̀, ó sì padà sínú mọ́tò kíákíá nítorí eṣinṣin ti ń bà lé e. Ìyá Sìdí yọ gèlè rẹ̀, ó tún un wé, ó wọlé lọ. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí onílé rẹ̀ fi ní kó kó lọ. Ní ọjọ́ tó ń kó àwọn ìkòkò rẹ̀ sínú mọ́tò tó ń lọ sí Aladé, lójú ọ̀nà Àkúrẹ́, Sìdí kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú ẹrù lórí, kò sì wo ibi tí mo wà. Nígbà tí mọ́tò náà fẹ́ gbéra, Ìyá Sìdí gbé agbada ńlá kan kọjá lórí àpáta, ó sọ ọ́ kalẹ̀ síwájú Ìyẹ. Gbogbo eérú ààrò irú rẹ̀ ni, ó ti sẹ́ ẹ, ó kúnná, ó funfun. "Màmá, ti àwọn adìyẹ nìyẹn," ló sọ. Ìyẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò tètè jù ú sílẹ̀.

Eṣinṣin kò tẹ̀ lé Ìyá Sìdí lọ sí Aladé. Wọ́n jókòó tì wá, wọ́n ń pọ̀ sí i. Ní ọjọ́ kan tí bàbá mi lọ síbi iṣẹ́, Ìyẹ di ìró rẹ̀ mọ́ ìdí, ó mú ọkọ́, ó ní kí n mú ṣọ́bìrì. A kó gbogbo èèpo kòkó náà jáde, tó ti di ẹrẹ̀ dúdú, a gbé e lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó jìnnà, a rì í mọ́lẹ̀. Mo bì lẹ́ẹ̀mejì. Ìyẹ bu eérú Ìyá Sìdí sílẹ̀ ilé adìyẹ, ó nípọn tó ìka kan, ó sì ń bu díẹ̀ lé ìgbẹ́ wọn láràárọ̀. Nígbà tí ti Ìyá Sìdí tán, ó ń kó ti ààrò tiwa. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi lè sùn lọ́sàn-án láìsí ohun tó bà sí mi lójú.

Ṣé ẹ mọ ohun tí bàbá mi ṣe? Ó jáde sórí àpáta, ó na apá méjèèjì, ó ké sí gbogbo àdúgbò. "Ẹ rí i? Ẹ rí i báyìí? Látìgbà tí obìnrin onírú yẹn ti lọ, eṣinṣin mélòó lẹ rí?" Wọ́n wò yíká, wọn kò rí eṣinṣin. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Ọkùnrin tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́sí wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Eérú wà lẹ́sẹ̀ bàbá mi bó ṣe ń sọ ọ́, funfun báláú lára bàtà dúdú rẹ̀, kò wò ó. Ìyẹ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó pa òṣé rẹ̀ tó gùn yẹn, ó yíjú sí mi, ó sì dúró kí n sọ̀rọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀ tí mo ti gbá tán.

Bàbá mi ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún báyìí. Ìyẹ ti lọ, ìyá mi ti lọ, òun ṣì wà, ara rẹ̀ le, ó ṣì ń sin adìyẹ mẹ́fà sí ẹ̀yìn ilé ìdáná. Àwọn tó ń tọ́jú wọn ń bu eérú sábẹ́ wọn láràárọ̀, òun sì rò pé nítorí kí wọ́n má tutù ni. Àkúrẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo máa ń wá wò ó ní ìparí oṣù pẹ̀lú Tèmítọ́pẹ́, ọmọ mi. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti fi bàbá mi ṣẹ̀sín nínú ọkàn mi, mo máa ń sọ ìtàn ewúrẹ́ àti pátákó fún àwọn ọ̀rẹ́ mi, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. N kì í sọ èyí tó kù. Aláìmọ̀kan tó gbọ́n lójú ara rẹ̀ ni bàbá mi, ṣùgbọ́n ó gba ohun tó ń sọ gbọ́, tọkàntọkàn ló fi gbà á gbọ́. Nínú ilé yẹn, èmi nìkan ni mo purọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, inú mi kì í sì í dùn tí mo bá rántí.

Nígbà tí a wá lóṣù tó kọjá, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó gbé ìtàn rẹ̀ kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀: bí òun ṣe lé eṣinṣin kúrò ní Odode. Tèmítọ́pẹ́ gbé fóònù sókè, ó ń ya fídíò rẹ̀ fún àwọn ẹbí tó wà lókè òkun. Bàbá gbádùn rẹ̀, ó gbé ohùn sókè, ó na apá méjèèjì bíi ti ọjọ́ kìíní. Nígbà tó dé ìparí, ó nàka sí mi. "Ẹ bi Mojí. Ó wà níbẹ̀. Mojí, ṣé irọ́ ni mo pa?" Fóònù yí sọ́dọ̀ mi. Gbogbo wọn ń wo ẹnu mi.

Mo ní, "Rárá, sà. Bẹ́ẹ̀ ló rí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n gbé omi wá fún òun. Tèmítọ́pẹ́ fi fídíò náà ránṣẹ́, ó wá jókòó tì mí ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń yẹ ìtàn náà wò lọ́kàn rẹ̀.

"Mọ́mì, obìnrin onírú yẹn, ibo ló kó lọ?"

"Aladé."

"Aladé tí takisí wa máa ń dúró sí? Tí ẹ máa ń ní kí n sọ̀ kalẹ̀ lọ ra irú lọ́wọ́ obìnrin kan?"

"Ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Sìdí lorúkọ rẹ̀."

"Èèyàn dáadáa ni. Ó máa ń fi ènì tó pọ̀ sí i fún mi." Ó wo ojú mi. "Kí ló dé tí ẹ̀yin kì í fi í sọ̀ kalẹ̀?"

Mo ní kó dìde lọ bu eérú sábẹ́ àwọn adìyẹ bàbá, kó tó di pé a máa lọ.